Èérí Bùrùkùtù Lábẹ́ Koríko Ìkírun

Òórùn kan wà lẹ́yìn àwọn ilé kan ní Sábó, ní Ògbómọ̀ṣọ́, tí n kò tíì gbóòórùn irú rẹ̀ níbòmíràn láti ìgbà náà. Ó kan bí ògì tó ti pẹ́ nínú ìkòkò, ó tún móoru bíi búrẹ́dì tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde nínú ààrò, kó tó wá di pé ọtí inú rẹ̀ yóò gun imú rẹ. Àwọn obìnrin kan tó wá láti Òkè Ọya ló ń pọn bùrùkùtù níbẹ̀. Wọ́n á rẹ ọkà bàbà títí yóò fi hù, wọ́n á sá a, wọ́n á lọ̀ ọ́, wọ́n á sè é nínú àgbá ńlá, wọ́n á wá fi asẹ́ sẹ́ ẹ. Omi rẹ̀ ni wọ́n ń tà. Èérí rẹ̀, ẹ̀yìnkùlé ni wọ́n ń dà á sí, níbi tí ewúrẹ́ gbogbo àdúgbò ti ń jìjàdù lé e lórí. Ìyókù tí ewúrẹ́ kò lè jẹ tán ló ń jẹrà síbẹ̀, ibẹ̀ náà sì ni koríko ti ń hù, tó dúdú, tó ki, débi pé bí o bá gbé ẹsẹ̀ lé e, bàtà rẹ kò ní kan ilẹ̀.

Bàbá onílé mi ló mú mi débẹ̀. Ọ̀yọ́ ni mò ń gbé nígbà náà, mò ń kó ìròyìn jọ fún ìwé ìròyìn kan tí wọ́n ń tẹ̀ ní Ìbàdàn; ó kù bí ọdún méjì kí a wọ 1990, sáàpù, ètò ọrọ̀-ajé ìjọba tó sọ gbogbo nǹkan di ọ̀wọ́n, sì ti mú gbogbo ènìyàn lọ́rùn. O mọ iṣẹ́ wa, o sì mọ bí a ti ń gbàgbé. Mo ti kọ ọ̀rọ̀ àwọn gómìnà sílẹ̀ tí n kò lè rántí ojú wọn mọ́, ṣùgbọ́n ohun tí obìnrin abùrùkùtù kan sọ fún bàbá onílé mi lọ́jọ́ náà, bí ẹni pé àná ni mo gbọ́ ọ.

Gáádìnà ni bàbá náà ní kọ́lẹ́ẹ̀jì kan nílùú Ọ̀yọ́. Koríko iwájú ọ́fíìsì ọ̀gá àgbà ló wà níkàáwọ́ rẹ̀, èyí tí wọ́n ń fi ẹ̀rọ gé, tí wọ́n fi òkúta funfun yí ká, tí akẹ́kọ̀ọ́ kankan kò gbọdọ̀ gbà kọjá. Ó ga, ó tẹ́ẹ́rẹ́, ó máa ń rìn bí ẹni tó ń wá nǹkan tó bọ́ sọnù, nítorí ilẹ̀ ló máa ń wò. Mùsùlùmí ni, kì í jẹ́ kí ìrun kan kọjá òun, kò sì fẹnu kan ọtí rí láyé rẹ̀. Ìyàwó rẹ̀ kan ṣoṣo, tí gbogbo ilé ń pè ní Ìyá, ló ń ṣàìsàn. Inú rẹ̀ wú, ibà kò fi í sílẹ̀, wọ́n sì ti dá a dúró sí ọsibítù kan ní Ògbómọ̀ṣọ́. Ọ̀sọ̀ọ̀sẹ̀ ni bàbá ń lọ wò ó nínú bọ́ọ̀sì ayálégbé ẹlẹgbẹ́ mi, dẹrẹ́bà kan tó ń ná Ọ̀yọ́ sí Ògbómọ̀ṣọ́, ọmọ ìjọ Aládùúrà tí orin ṣọ́ọ̀ṣì kì í wọ́n lẹ́nu rẹ̀ láti gáréèjì dé gáréèjì. Bí iṣẹ́ bá gbà mí láyè, èmi náà á bá wọn lọ.

Lọ́jọ́ tí mò ń wí yìí, a ti ń bọ̀ láti ọsibítù. Dẹrẹ́bà yà sí Sábó láti gbé èrò, bàbá sì sọ̀ kalẹ̀ kó lè na ẹsẹ̀. Nígbà tó rí koríko náà, ó dúró. Ó bẹ̀rẹ̀, ó fi ìka wú u ní gbòǹgbò, ó wá gbóòórùn ìka rẹ̀.

"Ìyá, kí lẹ fi bọ́ koríko yìí?" ló bi obìnrin tó ń ro àgbá lọ́wọ́.

Obìnrin náà kò mọ "ẹ" sọ nínú Yorùbá rẹ̀. Ó ní, "Bàbá, ọtí ni. Koríko mi ń mu, ìwọ ò mu?"

Bàbá rẹ́rìn-ín. "Mùsùlùmí ni mí."

"Mi ò bi ẹ́ ní ìyẹn. Èérí ni mo fún koríko. Èérí ò ní ẹ̀sìn. Ṣé o fẹ́?"

Ó fẹ́. Ajílẹ̀ òyìnbó ti wọ́n kọjá ohun tí kọ́lẹ́ẹ̀jì lè rà lọ́dún náà, koríko ọ̀gá àgbà sì ti ń pá lójú. Àpò méjì ló kọ́kọ́ dì sórí bọ́ọ̀sì. Kí a tó kúrò nílùú, òórùn rẹ̀ ti wọlé bá wa. Èrò kan tó jókòó lẹ́yìn ní, "Bàbá, ṣé òkú lẹ gbé sókè yẹn ni?" Dẹrẹ́bà ló dá a lóhùn: "Òkú ì bá sàn. Ọtí ni. Bí wòlíì wa bá fi lè gbóòórùn mọ́tò yìí lọ́jọ́ Ìsinmi, tèmi ti bá mi." Gbogbo mọ́tò bú sẹ́rìn-ín, bàbá náà rẹ́rìn-ín. Mo rántí ẹ̀rín yẹn dáadáa, nítorí kò sí èyí tó pọ̀ tó o mọ́ lẹ́yìn rẹ̀.

Ní kọ́lẹ́ẹ̀jì, àṣìṣe ló kọ́kọ́ ṣe. Ó da èérí tútù náà sórí koríko, ó sì dà á nípọn. Kò pẹ́ tó fi gan lójú, tó sé koríko mọ́lẹ̀ bí ọmọrí ìkòkò, tí eṣinṣin bò ó. Nígbà tí wọ́n ṣí i wò, koríko abẹ́ rẹ̀ ti pọ́n, ó ti jó. Ọ̀gá àgbà ránṣẹ́ pè é, ó bi í bóyá ṣaláńgá kan ló ya. Bàbá kó gbogbo rẹ̀ kúrò, ó dà á pọ̀ mọ́ ewé máńgòrò gbígbẹ àti koríko gígé, ó gbá a jọ ní òkìtì kan lẹ́yìn yàrá tí wọ́n ń kó irinṣẹ́ sí. Ó ń fi fọ́ọ̀kì yí i lójú dé ìdí, ó ń wọ́n omi sí i bó bá gbẹ jù. Nígbà tí mo lọ kí i níbi iṣẹ́, ó ní kí n ti ọwọ́ bọ inú òkìtì náà. Kíá ni mo fà á yọ, ó gbóná débi pé mo wo ọwọ́ mi bóyá ó bó.

"Ibà ló ń ṣe é," ló wí. "Bí ibà náà bá lọ, tó tutù, tí kò rùn mọ́, a jẹ́ pé ó ti di ilẹ̀. Ìgbà yẹn la tó lè gbé e fún koríko."

Ó dúró títí ó fi di ilẹ̀, ó dúdú, ó ń fọ́ lọ́wọ́, òórùn òjò àkọ́rọ̀ ni òórùn rẹ̀. Ó wọ́n ọn fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́. Nígbà tí ọyẹ́ dé, tí gbogbo ewéko Ọ̀yọ́ pọ́n bí awọ ewúrẹ́, koríko ọ̀gá àgbà ṣì tutù.

Ní àdúgbò wa, pápá ìkírun kan wà lẹ́bàá mọ́ṣáláṣí. Ilẹ̀ pupa ni, ó le bí ilẹ̀ odó. Bí ẹ̀ẹ̀rùn bá mú, eruku á bo iwájú orí gbogbo ènìyàn. Bí òjò bá rọ̀, àgbàrá á fà á ya, àwọn àgbààgbà á sì máa yọ̀ lórí ẹrẹ̀ bí ẹni ń jó. Ó ti pẹ́ tí wọ́n ti ń fi bàbá ṣe yẹ̀yẹ́: "Ìwọ tó ń tọ́jú koríko fún àwọn onítáì, ilẹ̀ Ọlọ́run ńkọ́?" Nígbà tí àìsàn Ìyá wá ń le sí i, yẹ̀yẹ́ náà di ẹ̀jẹ́ lọ́kàn rẹ̀. Ó sọ fún mi ní ìlóro ilé pé òun fẹ́ fi koríko bo pápá náà kí Iléyá tó dé, sàráà ni, nítorí ìyàwó òun. Ó ní, "Bí gbogbo wọn bá forí kanlẹ̀ sórí rẹ̀ lọ́jọ́ náà, tí mo wá dìde pé kí wọ́n bá mi ṣe àmí sí àdúà ìlera rẹ̀, ẹnu tó máa ṣe àmí á pọ̀. Ọ̀kan nínú wọn á mà gbà."

Ó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Ó fi ọkọ́ tú ilẹ̀ náà, ó gé ìdì koríko láti etí koríko kọ́lẹ́ẹ̀jì, ó ń tò wọ́n sínú omi. Èérí ń ti Sábó bọ̀, àpò lẹ́yìn àpò. Kò fi pamọ́. Ara ògiri mọ́ṣáláṣí ni àwọn àpò náà dúró sí, òkìtì rẹ̀ sì wà ní igun pápá lójú gbogbo ayé. Àwọn tó ń kọjá á di imú, wọ́n á ní, "Bàbá gáádìnà, ajílẹ̀ yín yìí ò dáa o." Òun á ní, "Ohun tó ń rùn ló ń mú nǹkan hù." Kò sẹ́ni tó bi í pé kí ni. A kì í béèrè ìran ajílẹ̀.

Lẹ́yìn náà ni dókítà pè é sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan ní Ògbómọ̀ṣọ́. N kò gbọ́ ohun tí wọ́n sọ, ojú bàbá ni mo rí nígbà tó jáde. Iléyá ti ń súnmọ́lé. Òkìtì igun pápá ṣì ń gbóná. Mo bá a níbẹ̀ tó ń kó o sínú kẹ̀kẹ́ ẹrù, èéfín fẹ́ẹ́rẹ́ ń jáde lára rẹ̀.

Mo ní, "Bàbá, ibà rẹ̀ ò tíì lọ."

Kò gbójú sókè. Ó ní, "Ibà Ìyá náà ò tíì lọ. Èwo ni kí n dúró dè nínú méjèèjì?"

Ó tẹ́ ẹ sórí pápá láti ìkángun dé ìkángun, ó bu erùpẹ̀ díẹ̀ bò ó, ó to ìdì koríko sí i. Koríko mú. Òjò ọdún náà dára, nígbà tí Iléyá sì dé, pápá náà tutù yọ̀yọ̀, àwọn ènìyàn ń dúró lójú ọ̀nà láti wò ó. Ládàánì, ẹni tó ń pe ìrun ní mọ́ṣáláṣí wa, bọ́ bàtà, ó rìn lórí rẹ̀ síwá sẹ́yìn. Ó ní, "Bàbá, bí alùjánnà bá rí báyìí, a ó yára kú."

Òjò ńlá rọ̀ lọ́jọ́ tó ṣáájú ọdún. Ní àárọ̀ ọdún, oòrùn yọ, ó mú gan-an, ooru sì bẹ̀rẹ̀ sí í gòkè láti inú ilẹ̀. A tẹ́ ẹní, a tò ní sàfú sàfú, ìlà lẹ́yìn ìlà, òórùn lọ́fínńdà ń ta sánsán lára aṣọ tuntun, ẹ̀yìn ni àwọn obìnrin wà. Sàfú kejì ni mo wà, bàbá wà níwájú mi. Lèmọ́mù gbóhùn sókè, gbogbo wa forí kanlẹ̀. Ìgbà náà ni mo gbóòórùn rẹ̀. Ó wá láti abẹ́ ẹní, ó lọ́ wọ́ọ́wọ́ọ́, ó kan, òórùn ẹ̀yìnkùlé Sábó gan-an ni. Mo rí i tí ẹ̀yìn bàbá le gan lójijì, bí ẹni tí wọ́n da omi tútù lé. Ẹnì kan wúkọ́. Nígbà tí a tún forí kanlẹ̀, ọ̀pọ̀ ènìyàn ló ń wúkọ́, mo sì gbọ́ tí ẹnì kan ń pa ẹ̀rín mọ́ra.

A kò tíì sálámà parí ìrun tán tí ọkùnrin kan fi yíjú padà. "Ta ló mutí wá síbí?"

Ọkùnrin kan tó ti wa tírélà lọ sí Òkè Ọya rí ní, "Kì í ṣe ẹnu ènìyàn. Ilẹ̀ ló ń rùn. Bùrùkùtù nìyí."

"Báwo lo ṣe mọ̀ ọ́n?" ni bàbá àgbà kan bi í, àwọn ọ̀dọ́ sì bú sẹ́rìn-ín. Ẹ̀rín náà kò pẹ́. Ẹnì kan ti ká ẹní rẹ̀ sókè, ó ti fi ìka wú ilẹ̀, èèpo ọkà bàbà sì wà ní àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀, ó ń gbé e kiri bí ẹlẹ́rìí.

Kò sẹ́ni tó ní láti wá ẹni tó ṣe é. Bàbá dìde fúnra rẹ̀. Ó ti múra ọ̀rọ̀ sílẹ̀ fún ọjọ́ náà, ọ̀rọ̀ àmí ìyàwó rẹ̀. Ohun tó rí sọ ni, "Èmi ni. Èérí ni, kì í ṣe ọtí. Ó máa jẹrà. Ẹ fún un láyè díẹ̀, á di ilẹ̀." Ohùn rẹ̀ kò dé ẹ̀yìn. Àwọn kan ti ń gbọn aṣọ wọn, àwọn kan ti ń sáré lọ sílé láti tún àlùwàlá ṣe. Bí wọ́n ṣe túká nìyẹn, láìgbọ́ ìwáàsù ọdún.

Lèmọ́mù kì í ṣe ènìyàn líle. Mo fẹ́ kí o mọ ìyẹn. Àmọ́ gbogbo jàmáà ló ń wo ẹnu rẹ̀, àwọn àdúgbò mìíràn sì ti ń fi wá ṣẹ̀sín kí ẹran Iléyá tó jinná. Ó dá ẹjọ́ náà níwájú gbogbo ènìyàn: ohun ọtí ti wọ ilẹ̀ náà, ilẹ̀ náà ti di ẹ̀gbin, kí ẹni tó fi sí i wa á kúrò dé ibi tí ọkọ́ bá dé, títí tí yóò fi ṣe bẹ́ẹ̀, ẹnì kan nínú jàmáà kò gbọdọ̀ wọ ilé rẹ̀ fún ayọ̀ tàbí fún ìbànújẹ́. Bàbá bẹ̀ ẹ́ pé kí wọ́n dúró kí òjò oṣù náà parí iṣẹ́ rẹ̀. Ó ní bí òun bá wa á, gbogbo koríko á kú, sàráà òun á sì kú pẹ̀lú rẹ̀. Wọn kò gbà. Òun náà kò wa á.

Láti ọjọ́ náà, àwọn obìnrin kò fa omi kànga wa mọ́. Ládàánì nìkan ló yọ́ wá, ó dúró lẹ́nu ọ̀nà, kò wọlé. Mo wà níbẹ̀. Ó ní, "Bàbá, èmi mọ̀ pé ó ti fẹ́rẹ̀ẹ́ di ilẹ̀. Bí omi bá wọ́n, erùpẹ̀ la fi ń ṣe àlùwàlá. Erùpẹ̀ yẹn, òkú ló ń jẹ. Ṣé a bi í rí ohun tó jẹ lánàá?"

Bàbá ní, "Sọ ọ́ níwájú wọn."

Ládàánì wo ẹsẹ̀ ara rẹ̀. "Lèmọ́mù ti sọ̀rọ̀."

A tún lọ sí Ògbómọ̀ṣọ́. Ìyá ti rù, inú rẹ̀ nìkan ló kù tó tóbi. Ó bi bàbá pé, "Ṣé koríko yẹn hù?"

"Ó hù."

"Ṣé wọ́n ṣe àmí?"

Bàbá tún aṣọ ibora rẹ̀ ṣe. "Wọ́n ṣe é. Ariwo wọn pọ̀."

Ìyá rẹ́rìn-ín, ó ní, "Mo mọ̀. Ó ń ṣe mí bí ẹni pé ara ń fúyẹ́." N kò tíì gbọ́ irọ́ tó wúwo tó bẹ́ẹ̀ lẹ́nu ẹni tí kì í purọ́.

Ó kú ní òwúrọ̀ ọjọ́ kan tí òjò kò rọ̀. Dẹrẹ́bà yọ ìjókòó ẹ̀yìn bọ́ọ̀sì rẹ̀, a tẹ́ ẹ sórí ẹní, ọmọbìnrin wọn kan ṣoṣo gbé orí rẹ̀ lé itan, a sì gbé e bọ̀ wá sí Ọ̀yọ́. Dẹrẹ́bà kò kọrin kankan. Nígbà tí a kọjá Sábó, òórùn náà wọlé bá wa gba ojú fèrèsé, bàbá sì pa ojú dé títí a fi jáde nílùú.

O mọ̀ pé mùsùlùmí kì í fi òkú pamọ́. Bí wọ́n bá ti wẹ̀ ẹ́, tí wọ́n fi aṣọ funfun dì í, jàmáà á kírun sí i lára, wọ́n á sin ín kí oòrùn tó wọ̀. Bàbá wẹ ẹsẹ̀, ó ní kí n sin òun lọ sọ́dọ̀ Lèmọ́mù. Lèmọ́mù dìde nígbà tó rí wa, ó di ọwọ́ bàbá mú.

"Ẹ kú àráfẹ́rakù. Ẹni ire ni Ìyá. Ọlọ́run á tẹ́ ẹ sí alùjánnà."

"Àmín. Lèmọ́mù, òkú ń bẹ nílé."

"Mo gbọ́."

"Mo wá bẹ̀ yín kí ẹ wá kírun sí i lára."

Lèmọ́mù fi ọwọ́ bàbá sílẹ̀. "Ohun tí mo sọ níwájú jàmáà, bí mo bá pa á tì nínú yàrá, kí ni wọ́n máa dúró lé lórí lọ́la? Ẹ wa ilẹ̀ yẹn. Bí ẹ bá wa á tán, èmi fúnra mi ni mo máa ṣáájú."

"Ọjọ́ ti lọ, Lèmọ́mù."

"Ẹ wa á," ló tún wí. Ojú rẹ̀ ti pọ́n. Ó ń dùn ún, mo rí i pé ó ń dùn ún, kò sì wúlò fún wa.

A wa ilẹ̀. Bàbá, dẹrẹ́bà àti èmi, ọkọ́ mẹ́ta. Koríko náà ti fi gbòǹgbò mú ara wọn, ó ń ya bí aṣọ. Abẹ́ rẹ̀ dúdú. Mo gbé e sí imú; òórùn ọtí ti ń lọ, ó ku díẹ̀, bí ìgbà tí ibà bá fẹ́ fi ènìyàn sílẹ̀. Àwọn ènìyàn dúró káàkiri etí pápá, ẹnì kan kò mú ọkọ́ wá. Oòrùn ń yí. Ọmọbìnrin bàbá wá, ó ní àwọn ìyá méjì tó wá láti ìdílé Ìyá ti wẹ òkú tán, wọ́n ti dì í. Ládàánì ni wọ́n rán wá yẹ iṣẹ́ wò. Ó kúnlẹ̀, ó ti ìka bọ inú ilẹ̀, èèpo ọkà bàbà kan ṣoṣo bá a jáde. Ó wò ó títí.

"Ó ṣì kù," ló wí, kò sì lè wo ojú wa.

Bàbá fi ọkọ́ lélẹ̀. "Ó tó," ló sọ, ó sì kọjú sílé.

Òun fúnra rẹ̀ ló ṣáájú ìrun ìyàwó rẹ̀, ní ẹ̀yìnkùlé, lẹ́bàá kànga. Èmi nìkan ni sàfú tó wà lẹ́yìn rẹ̀. Ọmọbìnrin rẹ̀ àti àwọn ìyá méjì tó wẹ òkú wà lẹ́yìn mi. Dẹrẹ́bà lọ wọ aṣọ àdúrà funfun rẹ̀, ó bọ́ bàtà, ó dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri. Ó ní, "Èmi ò mọ tiyín. Níbi tí mo bá ti mọ̀ pé ilẹ̀ mímọ́ ni, mo ń bọ́ bàtà." Bí a ti ń kírun lọ, mo rí ládàánì lókèèrè, ó dúró lójú ọ̀nà ní òdì kejì ọgbà, ó kọjú síbi tí a kọjú sí. Ètè rẹ̀ ń mì. Bóyá ó ń kírun ni, bóyá ó ń bá ara rẹ̀ sọ̀rọ̀ ni, n kò bi í.

A sin Ìyá sí ẹ̀yìnkùlé náà. Àpò èérí kan ṣẹ́kù ní kọ́lẹ́ẹ̀jì tí bàbá kò rántí kó, ó ti tutù, ó ti di ilẹ̀ pátápátá. Ó gbé e wálé, ó wọ́n ọn sórí sàréè, ó sì to ìdì koríko tí a wú ní pápá lé e. Ní ti pápá, àwọn ọ̀dọ́ wa ìyókù rẹ̀ dànù, ó padà di ilẹ̀ pupa. Nígbà tí mo sọ ọ̀rọ̀ náà fún olóòtú mi ní Ìbàdàn, ó rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀, ó ní kí n kọ ọ́ sí ojú ewé àpárá. N kò kọ ọ́.

Ní ọdún kejì, Iléyá ti ń súnmọ́lé. Mo jókòó ti bàbá ní ẹ̀yìnkùlé nígbà tí ládàánì wọlé wá pẹ̀lú ọkọ́ àti bàsíà. Ó wọlé lọ́tẹ̀ yìí.

"Ẹ kú ilé, bàbá. Lèmọ́mù ló rán mi. Ilẹ̀ pápá tún ti ya."

"Kí lẹ fẹ́?"

"Ìdì koríko díẹ̀. Ti kọ́lẹ́ẹ̀jì, wọn ò fún wa."

Koríko kan ṣoṣo ló wà nílé wa, ibi kan ṣoṣo ló sì wà. Bàbá wò ó, ó wo ládàánì. "Ṣé ẹ mọ ohun tó wà lábẹ́ rẹ̀?"

"Mo mọ̀. Ìyá ni."

"Àti èérí."

"Àti èérí," ni ládàánì wí. "Ó ti di ilẹ̀."

Mo rò pé bàbá á lé e jáde. Ì bá wù mí kó lé e jáde. Ṣùgbọ́n ó rọra gba ọkọ́ náà lọ́wọ́ rẹ̀, ó wo ẹnu rẹ̀ bóyá ó mú, ó dá a padà fún un. Ó ní, "Apá ẹsẹ̀ ni kí ẹ ti bù ú. Ẹ má fọwọ́ kan ibi orí."

Ó ti pẹ́ tí mo ti kúrò ní Ọ̀yọ́. Fún ọ̀pọ̀ ọdún, nígbà tí mo bá ń sọ ọ̀rọ̀ yìí, ìtàn ìwà ìkà ni mo máa ń sọ ọ́ sí, ó sì ń dùn mọ́ àwọn ènìyàn gbọ́ bẹ́ẹ̀. N kò sọ ọ́ bẹ́ẹ̀ mọ́. Gbogbo àwọn tó wà nínú rẹ̀ ló mọ ohun tó tọ́ bó bá ku àwọn nìkan. Ìgbà tí wọ́n bá pé jọ ni wọn kì í mọ̀ ọ́n. Bàbá tó jẹ́ pé dídúró ni iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀, tó kọ́ mi pé a kì í fún koríko ní ohun tí ibà rẹ̀ kò tíì lọ, ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ni kò lè dúró, nítorí ẹni tó fẹ́ràn kò ní àyè láti dúró dè é. Àwọn ìyókù ní àyè, wọn kò lò ó.

Bàbá kú lẹ́yìn ọdún mélòó kan, mo sì lọ. Gbogbo àdúgbò ló jáde, Lèmọ́mù tí ojú rẹ̀ ti ń fọ́ ló ṣáájú, sàfú gùn dé etí ọ̀nà. Orí pápá ìkírun ni wọ́n gbé òkú rẹ̀ sí. Koríko ti bo gbogbo rẹ̀ láti ìkángun dé ìkángun, ọmọ inú ìdì tí ládàánì bù lórí sàréè Ìyá ni gbogbo rẹ̀, òórùn kan kò sì sí níbẹ̀ ju ti ilẹ̀ lọ. A kì í forí kanlẹ̀ nínú ìrun òkú, ìdúró ni. Mo bọ́ bàtà. Koríko náà tutù lábẹ́ ẹsẹ̀ mi, mo sì wo àwọn ènìyàn náà lọ́tùn-ún lósì, bí wọ́n ti pọ̀ tó. Òkú méjì ni wọ́n ń kírun sí lára lọ́jọ́ náà. Ọ̀kan ni wọ́n mọ̀.